Ta Ló Rán Ọ Níṣẹ́? Ìpinnu Láti Fi Iṣẹ́ Sílẹ̀ Lọ Wo Ayé Nínú Ìtàn Ìrìn-àjò Yorùbá

Àṣamọ̀

Àwọn lámèyítọ́ ti sọ púpọ̀ nípa ohun tí arìnrìn-àjò rí lọ́nà nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá àti nípa ẹ̀kọ́ tí ó mú bọ̀ wálé. Ohun tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ wò ni àkókò tí ó ṣáájú ìrìn náà, ìgbà tí ẹni tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ pinnu pé òun yóò fi í sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí òun lè lọ wo ayé. Iṣẹ́ yìí yẹ irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ wò nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ (1938) àti Ìrìnàjò (1949, 1951) tí D. O. Fágúnwà kọ, àti nínú An African Abroad (1963) tí Ọlábísí Àjàlá kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó hàn ni pé ìtàn Yorùbá kì í fẹ́ kí arìnrìn-àjò wà láìní ẹni tí ó rán an. Bí kò bá sí olùránni, ìtàn náà yóò wá ọ̀kan fún un, tàbí kí ó sọ ìròyìn àjò fúnra rẹ̀ di iṣẹ́. Iṣẹ́ yìí tún bèèrè ta ni ó ń san owó àjò náà, ó sì parí sí orí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ òde òní tí ó fẹ́ lọ kí wọ́n sì padà, ní àkókò tí gbogbo ìlọ ti di jápa lójú ará ilé.

Ìfáàrà

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé, orúkọ kan ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ń fún un: Àjàlá. Bí ìyá bá wo ọmọ rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí ó sì wí pé, ‘Àjàlá, o ti dé?’, ohùn tí ó fi sọ ọ́ ni yóò fi hàn bóyá oríyìn ni tàbí ìbáwí. Ara Ọlábísí Àjàlá, ẹni tí ó gun alùpùpù kékeré la ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kọjá ní ìparí àwọn ọdún 1950 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ni ìlò yìí ti wá. Ebenezer Obey fi orúkọ rẹ̀ sínú orin ní àwọn ọdún 1970, orin náà sì wà lára ohun tí ó sọ orúkọ ẹnì kan di ọ̀rọ̀ tí tọmọdé tàgbà ń lò.

Pé oríyìn àti ìbáwí lè wà nínú orúkọ kan náà kì í ṣe ohun kékeré. Yorùbá gbà pé ìrìn ń kọ́ni lọ́gbọ́n. Ẹni tí ó bá rìn jìnnà, wọ́n ní, ni yóò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Wọ́n tún gbà pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òwe kìíní ń rán ènìyàn jáde, èkejì ń pè é padà. Ṣùgbọ́n kò sí èyí nínú méjèèjì tí ó sọ̀rọ̀ tààrà nípa ẹni tí ó ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́, tí ebi kò lé kúrò nílé, tí ogun kò lé, tí ọjà kò pè, tí ó sì wí pé òun fẹ́ fi ọdún kan tàbí méjì wo ayé kí òun tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Kí ni ìtàn Yorùbá ń ṣe sí irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè náà kò tíì rí àyè tí ó tó nínú iṣẹ́ lámèyítọ́. Ayọ̀ Bámgbóṣé, nínú The Novels of D. O. Fagunwa (1974), tú ìhun àwọn ìtàn Fágúnwà wò, ó sì fi ipò tí ìrìn-àjò kó nínú ìhun náà hàn. Rebecca Jones, nínú At the Crossroads (2019), tọpa ìtàn ìrìn-àjò ní èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì láti inú àwọn ìwé ìròyìn Èkó títí di ọ̀rúndún yìí. Iṣẹ́ méjèèjì ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹsẹ̀ ti kúrò nílé ni irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọkàn ti kúrò nílẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni iṣẹ́ yìí fẹ́ wò.

Iṣẹ́, iṣẹ́ àti ìṣẹ́

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí èdè fúnra rẹ̀ ń sọ. Iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe jẹun àti iṣẹ́ tí a ń rán ènìyàn, ohùn kan náà ni wọ́n ní, àkọtọ́ kan náà sì ni. Òṣìṣẹ́ ń ṣe iṣẹ́. Ìránṣẹ́ ń jẹ́ iṣẹ́. Bóyá orírun kan ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ní tàbí wọn kò ní, àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni yóò dá ìyẹn. Ohun tí ó kan lítíréṣọ̀ ni pé etí Yorùbá ń gbọ́ wọn pa pọ̀. Ní òdìkejì wọn ni ìṣẹ́ dúró, èyí tí ó fi ohùn ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí ó sì túmọ̀ sí òṣì. Gbogbo ọmọ tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá ni ó mọ ewì J. F. Ọdúnjọ tí ó fi iṣẹ́ àti ìṣẹ́ kojú ara wọn. Ní ilé-ìwé kan náà ni ọmọ náà ti kọ́ láti dáhùn bí àgbàlagbà bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà: ta ló rán ọ níṣẹ́? Ọmọ tí kò bá rí ẹni dárúkọ, ìrìnkurìn ni ó ń rìn.

Àwọn tí ìrìn jẹ́ ìgbésí ayé wọn láwùjọ Yorùbá kò jẹ́bi ẹ̀sùn yìí, nítorí ìrìn wọn gan-an ni iṣẹ́ wọn. Alájàpá ń ti ìlú dé ìlú nítorí ọjà. Babaláwo ń ṣawo lọ sí òde mìíràn, ẹsẹ̀ Ifá sì kún fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Eégún alárìnjó fi ìrìn àti ijó sínú orúkọ kan. Ọdẹ ń wọ igbó nítorí ẹran. Kò sí ẹni tí ó ń bi àwọn wọ̀nyí léèrè ohun tí wọ́n ń wá kiri.

Ẹ wá wo àwọn ọ̀rọ̀ tí èdè ní fún ẹni tí ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó lè sinmi, ìyẹn bí ó bá rẹ̀ ẹ́. Ó lè fẹ̀yìntì, ìyẹn bí ó bá dàgbà. Ó lè kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ìyẹn bí ó bá rí òmíràn tàbí bí wọ́n bá ṣẹ̀ ẹ́. Ó sì lè sá. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ó rọrùn fún ẹni tí ó wà ní àárín ọjọ́ orí rẹ̀, tí ara rẹ̀ le, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò burú, tí ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó tún un gbé. Ọ̀rọ̀ tuntun tí a ní fún ìrìn tí kì í ṣe ti iṣẹ́ ni ìrìn-àjò afẹ́. Afẹ́ dára, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀yìn: ìgbádùn ni, ó sì tún jẹ mọ́ fáàrí. Ẹni tí ó ní afẹ́ ni òun ń rìn ti gbà tẹ́lẹ̀ pé òun kò ní olùránni.

Ẹni tí ó rán ara rẹ̀ àti ẹni tí ọba rán

Ìrìn mẹ́ta ni Àkàrà-Ògùn rìn nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀. Ìkíní àti ìkejì jẹ́ ti ara rẹ̀: bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú, ó gbé ìbọn, ó wọ igbó. Ìkẹta ni èyí tí ọba rán an, pé kí ó lọ sí Òkè Láńgbòdó kí ó sì mú ohun tí yóò mú àlàáfíà bá ìlú bọ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni ó ti rí i pé ìrìn ìkẹta ni ó tóbi jù, nítorí òun ni ó kó Kàkó, Ìmọ̀dòyé, Olóhùn-iyọ̀, Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ̀-ọdẹ, Èfọ̀ìyẹ̀ àti Àràmàǹdà-òkùnrin jọ, òun sì ni ó dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje, ẹni tí ó fi ọjọ́ méje kọ́ wọn lọ́gbọ́n nínú ilé olójúlé méje. Nínú ìrìn méjì àkọ́kọ́, ìyà àti ìyanu ni ọdẹ náà pàdé. Ọgbọ́n tí ó ṣe é pín fún ìlú kò wá àfi nígbà tí ìlú rán an.

Bí a bá dúró síbí, kókó ìtàn náà rọrùn: ìrìn tí ènìyàn fi ìfẹ́ ara rẹ̀ rìn kò tó ìrìn tí a rán an. Ṣùgbọ́n Fágúnwà fi nǹkan kan síta tí ó mú ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rántí bí ìwé náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Òǹkọ̀wé jókòó ní òwúrọ̀ lórí àga, ara tù ú, ó ń gbádùn ayé rẹ̀, nígbà tí bàbá arúgbó kan dé, tí ó sì pàṣẹ fún un pé kí ó mú ohun ìkọ̀wé, kí ó kọ ohun tí òun fẹ́ sọ sílẹ̀ kí ó má baà parun. Ẹni tí ó ń fara balẹ̀ gbádùn ìsinmi gba iṣẹ́ lójijì: a rán an, ó sì ní láti ṣe é. Nítorí náà ìrìn méjì àkọ́kọ́, tí ẹnikẹ́ni kò rán Àkàrà-Ògùn, di ohun tí ó rán ẹlòmíràn. Àwọn tí ó pé jọ ní ọjọ́ kejì láti gbọ́ ìyókù ìtàn náà kò béèrè pé ta ni ó rán ọdẹ yìí lọ sí igbó. Ó ti jíṣẹ́ fún wọn, ìyẹn sì tó.

Níbí ni a ti rí ọgbọ́n tí ìtàn Yorùbá ń dá. Bí olùránni kò bá sí níbẹ̀rẹ̀, ìtàn yóò fi í sí ìparí. Ẹni tí ó lọ láìjẹ́ pé a rán an lè padà wá gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́, bí ó bá ní ìròyìn lẹ́nu. Ìyẹn fi hàn pé èrò Yorùbá nípa ìrìn tí kò ní ìdí kò le koko bí ó ti rí lójú. Àyè wà fún un. Ohun tí kò sí àyè fún ni kí ènìyàn lọ, kí ó dé, kí ó sì dákẹ́.

Olùkọ́ tí ó wọ ọkọ̀ òkun

Ohun tí Fágúnwà ṣe nínú ìtàn àròsọ, ó tún un ṣe nínú ìwé tí kì í ṣe àròsọ. Olùkọ́ ni. Ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1946 di 1948, ìrìn náà ni ó sì di ìwé Ìrìnàjò, apá kìíní ní 1949, apá kejì ní 1951. Ẹni tí ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kò fi ìṣe olùkọ́ sílẹ̀. Ó ń kọ sí ará ilé, ó ń ṣàlàyé, ó ń fi ohun tí ó wà lọ́hùn-ún wé ohun tí òǹkàwé mọ̀. Ìwé náà kò fi ibì kankan sílẹ̀ fún ìbéèrè ìdí, nítorí ẹ̀kọ́ ni ó rán an, ẹ̀kọ́ ni ó sì ń mú bọ̀.

Àpẹẹrẹ irú èyí ti wà ṣáájú rẹ̀. Nínú àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá tí ó jáde ní Èkó ní àwọn ọdún 1920, irú Ẹlẹ́tí-Ọfẹ àti Akéde Èkó, àwọn olóòtú máa ń kọ nípa àjò tí wọ́n rìn lọ sí àwọn ìlú mìíràn. Jones ti fi hàn bí ìròyìn wọ̀nyí ti so òǹkàwé ìlú kan mọ́ ti ìlú mìíràn. Ó yẹ kí a fi kún un pé olóòtú tí ó kúrò nídìí tábìlì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rárá: ojú ọ̀nà ti di ọ́fíìsì rẹ̀. Ó rí ìlú, ó rí àwọn tí ń ra ìwé rẹ̀, ó sì rí ohun tí yóò tẹ̀ jáde.

Ohun tí ó sọnù nínú irú ìtàn méjèèjì ni ìpinnu. Òǹkàwé kì í rí alẹ́ tí oorun kò kun olùkọ́ náà, kì í gbọ́ ohun tí ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, kì í mọ̀ bóyá ẹ̀rù bà á pé ẹlòmíràn lè gba ipò òun. Iṣẹ́ ti gbọ́ gbogbo ẹjọ́ náà ó sì ti dá a kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀.

Àjàlá, ìránṣẹ́ tí kò ní ọba

Pẹ̀lú Ọlábísí Àjàlá ni ìṣòro náà ti jáde sí gbangba. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Chicago nígbà tí ó gun kẹ̀kẹ́ láti ibẹ̀ lọ sí Los Angeles ní 1952. Aṣọ ilẹ̀ rẹ̀ ni ó wọ̀, ó sì ń bá àwọn ará Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ lọ́nà kí wọ́n lè mọ̀ pé ohun tí wọ́n rò nípa Nàìjíríà kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó bọ́ sórí alùpùpù, tí ó sì rìn fún ọdún bíi mélòó kan. Jarrolds tẹ An African Abroad jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1963. Íńdíà, Rọ́ṣíà, Iran, Íjíbítì, Ísírẹ́lì àti Ọsirélíà wà lára ibi tí ìwé náà gbé òǹkàwé dé.

Kò sí ọba tí ó rán Àjàlá, kò sì sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń dúró dè é. Bí ó ti ń yanjú ìyẹn ni ó yẹ kí lámèyítọ́ wò. Lákọ̀ọ́kọ́, àkọlé ìwé náà: òǹkọ̀wé kò pe ara rẹ̀ lórúkọ, kò pe ara rẹ̀ ní ọmọ Yorùbá tàbí ọmọ Nàìjíríà. Ọmọ Áfíríkà kan ní ìdálẹ̀ ni. Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ni ó sọ di olùránni rẹ̀, ní àsìkò tí orílẹ̀-èdè lẹ́yìn orílẹ̀-èdè ń gba òmìnira, tí ìdúró bẹ́ẹ̀ sì ní agbára. Èkejì ni ipò tí ìwé náà fún àwọn olórí orílẹ̀-èdè. Ó ń wá ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ Nehru, ó ń wá ti Shah ilẹ̀ Iran, ti Nasser, ti Golda Meir. Lójú òǹkàwé kan, èyí lè dà bí fáàrí. Ṣùgbọ́n bí a bá kà á pẹ̀lú etí Yorùbá, ìrìn ìránṣẹ́ ni: ẹni tí a rán, ààfin ni ó ń lọ. Ẹni tí kò ní ọba nílé tí ó rán an ń wá ọba lọ́hùn-ún tí yóò gbà á, kí gbígbà tí ó gbà á lè jẹ́rìí pé iṣẹ́ ni ó jẹ́.

Ibi tí ẹ̀tàn yìí kò ti ràn án lọ́wọ́ ni ẹnu ibodè. Ní Jerúsálẹ́mù, ó gun alùpùpù rẹ̀ kọjá láti apá Jọ́dánì sí apá Ísírẹ́lì láìgba àṣẹ, ní àkókò tí ààlà náà jẹ́ ojú ogun. Sójà ẹnu ibodè kò mọ Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí olùránni. Ìwé ni ó ń béèrè. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà dùn ún kà, ṣùgbọ́n ó fi ohun kan hàn tí ìwé náà kò fẹ́ sọ tààrà: níta ìtàn, arìnrìn-àjò tí kò ní olùránni kò yàtọ̀ sí afurasí.

Àjàlá kú ní 1999. Ìtàn tí ó tàn kálẹ̀ nípa ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé àìní bá a, àwọn tí ń sọ ọ́ sì sábà máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń pa òwe: ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìṣẹ́ sì dé. Ó yẹ kí a kọ irú kíkà bẹ́ẹ̀. Àìmọye òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò pa iṣẹ́ jẹ lọ́jọ́ kan rí ni ó fẹ̀yìntì sínú àìní, tí wọ́n ń tò nídìí owó ìfẹ̀yìntì pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ń fi ìgbẹ̀yìn tiwọn pa òwe lòdì sí iṣẹ́ ṣíṣe. Pé a ń fi ti Àjàlá pa á jẹ́ ẹ̀rí pé àwùjọ ń dúró de ẹ̀san tí yóò bá ẹni tí ó rán ara rẹ̀. Ìtàn ìgbẹ̀yìn náà ń ṣe iṣẹ́ tí Òkè Láńgbòdó ṣe fún Àkàrà-Ògùn, ṣùgbọ́n ní ìdàkejì: dípò kí ó sọ ìrìn di iṣẹ́, ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀.

Àwọn tí ó kù sílé

Ṣé ìbáwí náà kò ní ìdí kankan, nígbà náà? Ó ní. Nínú Ògbójú Ọdẹ, nígbà tí Kàkó fẹ́ bá wọn lọ sí Òkè Láńgbòdó, ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ọn. Kàkó pa á, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìtàn náà kò dúró pẹ́ níbẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kò dára láti máa kà bí àpẹẹrẹ ìgbójú lásán, nítorí òun nìkan ni ibi tí Fágúnwà ti jẹ́ kí òǹkàwé rí owó tí àjò ń ná ẹlòmíràn. Iṣẹ́ ọba ni Kàkó ń lọ jẹ́. Iṣẹ́ yẹn sì ni ó jẹ́ kí ikú obìnrin náà dà bí ohun tí a lè kọjá lórí rẹ̀. Ìdí tí ó dára jù lọ lágbàáyé lè bo ìwà ìkà mọ́lẹ̀; àjò tí a fi ìfẹ́ ara ẹni rìn kò ní irú ìbòrí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó ń lọ ní láti dúró dáhùn lọ́dọ̀ àwọn tí ó fi sílẹ̀.

Ó tún ṣe é ṣe láti béèrè ìdí tí ó fi jẹ́ pé ọkùnrin ni ó ń lọ nínú gbogbo ìwé wọ̀nyí, tí obìnrin sì ń di ẹ̀wù rẹ̀ mú. Kì í ṣe pé obìnrin Yorùbá kì í rìn. Alájàpá ti rin ọ̀nà tí ó jìn ju ti ọ̀pọ̀ ọdẹ lọ, ó sì mọ èdè, owó àti ojú ọ̀nà ìlú púpọ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé iṣẹ́ ni ìrìn rẹ̀, kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìrìn-àjò. Ohun kan náà tí ó gbà á lọ́wọ́ ìbáwí ni ó gba ìtàn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Pelumi Nubi nìkan wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó ní 2024, apá kan nínú ariwo tí àwọn ènìyàn fi pàdé rẹ̀ wá láti inú èyí: wọ́n rí obìnrin tí ó rìn jìnnà láìsí ẹrù ọjà lẹ́yìn ọkọ̀.

Jápa àti ẹni tí ó fẹ́ padà

Ọ̀rọ̀ yìí kò parí sínú ìwé àtijọ́. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí gbogbo Nàìjíríà ń lò lónìí fún ìlọ sí òkè òkun ni jápa. Sísá ni, ìpadà kò sì sí nínú ìtumọ̀ rẹ̀. Lábẹ́ òjìji ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀dọ́ tí ó bá sọ fún ọ̀gá rẹ̀ tàbí fún ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ fi ọdún kan wo ayé kí òun sì padà, kò sí ẹni tí yóò gbà á gbọ́. Wọn yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, wọn yóò gbàdúrà fún un pé kí físà tètè jáde.

Físà náà sì ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti tako ara rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè máa ń fẹ́ rí ìwé láti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́, kí ó lè dá wọn lójú pé ẹni tí ó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà yìí ní ohun tí yóò mú un padà. Ẹni tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó lè rìn kò ní ìwé yẹn. Kí ó tó lè lọ, ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun kò tíì kúrò. Ìbéèrè tí àgbàlagbà ń bi ọmọ lójú ọ̀nà, òun náà ni òṣìṣẹ́ físà ń bi àgbàlagbà lójú fèrèsé: ta ló rán ọ níṣẹ́?

Àwọn tí ó ń rìn nígbà tiwa ti ń dáhùn bí Àkàrà-Ògùn ti dáhùn. Kúnlé Adéyanjú, tí ó gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó ní 2022, so ìrìn rẹ̀ mọ́ ìgbìyànjú láti fòpin sí àrùn rọpárọsẹ̀. Nubi ń sọ ìtàn tirẹ̀ fún àwọn tí ń tẹ̀ lé e lórí ẹ̀rọ ayélujára bí ó ti ń rìn, wọ́n sì pé jọ bí àwọn tí ó pé jọ sí ọ̀dọ̀ òǹkọ̀wé Fágúnwà ní ọjọ́ kejì. Ọ̀kan rí ẹni tí ó rán an kí ó tó kúrò nílé. Ìkejì ń rí i lójoojúmọ́ lójú ọ̀nà. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyíkéyìí. Ṣùgbọ́n ó fi hàn bí ó ti ṣòro tó láti rìn kí ìrìn náà má di iṣẹ́ mìíràn.

Àwọn olùkọ́ yunifásítì fúnra wọn kò yọ sílẹ̀. Ọdún ìsinmi tí wọ́n ń pè ní sabbatical, èyí tí ó yẹ kí ó gba ọkàn lọ́wọ́ iṣẹ́, ni ọ̀pọ̀ ń lò láti kọ́ni ní yunifásítì mìíràn nítorí owó oṣù kò tó. Ẹni tí ó bá lò ó láti rìn, ìròyìn ìwádìí ni yóò fi dá ara rẹ̀ láre nígbà tí ó bá dé.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìtàn Yorùbá kì í sábà jẹ́ kí òǹkàwé rí ẹni tí ó ń pinnu láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ wo ayé, nítorí ó ti ní ìdáhùn kan tẹ́lẹ̀: wá ẹni tí ó rán ọ, tàbí kí o di ìránṣẹ́ nígbà tí o bá dé. Ìdáhùn náà ní ọgbọ́n nínú. Ó ń rán arìnrìn-àjò létí pé kì í ṣe òun nìkan ni ó ń san owó ìrìn, àti pé àwọn tí ó di ilé mú ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ìròyìn. Ó sì ní àbùkù: ó gba ìyìn fún Kàkó lórí òkú ìyàwó rẹ̀, ó fi ìgbẹ̀yìn Àjàlá pa òwe tí kò tọ́ sí i, kò sì kọ ìtàn alájàpá sílẹ̀ rárá.

Lámèyítọ́ tí yóò bá ka ìtàn ìrìn-àjò Yorùbá lẹ́yìn èyí lè bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìlẹ̀kùn dípò ojú ọ̀nà: kí ni ó wà lórí tábìlì ẹni tí ó ń lọ, ta ni yóò ṣe é nígbà tí kò sí nílé, kí ni wọ́n sọ fún ara wọn lálẹ́ tí ó ṣáájú. Àwọn ìwé tí a yẹ̀ wò níbí kò sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé wà níwájú tí a kò tíì kọ. Ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ lọ kí ó sì padà, bí ó bá kọ ìtàn rẹ̀ ní èdè Yorùbá, lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ gan-an, kí ó sì sọ fún àgbàlagbà tí ó pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà pé kò sí ẹni tí ó rán òun níṣẹ́, pé òun ti dágbére fún ará ilé, àti pé wọ́n mọ ọjọ́ tí òun yóò dé.